OLÓRÍ TÍ Ó BẸ̀RÙ ỌLỌ́RUN KÌ Í GBÉ ARA RẸ̀ GA

Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí a sọ níbi ìkówójọ fún kíkọ́ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá tí ń gbé ìlú Sókótó

   

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ mú ìwé wá bá mi ní ìsọ̀ pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí olórí rere àti ìrẹ̀lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Bíbélì ti fi kọ́ni, mo kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Mo ní ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, obì ni mo ń tà, n kò sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà. Mo ní àwọn tí ó mọ̀ jù mí lọ pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó ní ìdí tí wọ́n fi yàn mí ni pé mo ti jókòó sórí àga olórí rí, mo sì ti ṣubú níbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Nítorí náà ni mo ṣe dúró níwájú yín.

Ẹ̀yin ará wa Mùsùlùmí, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ Bíbélì yìí kò kàn yín. Mósè tí n óò dárúkọ, Ànábì Mùsá yín ni. Sólómónì, Ànábì Súlémánù yín ni. Ilé kan ni a fẹ́ kọ́, orúkọ Yorùbá ni a óò kọ sí i lójú. Ìwà tí olórí yóò hù nínú ilé náà kan gbogbo wa.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KÀN WÁ NÍBÍ

Ní ilé, bí olórí ẹgbẹ́ kan bá ba nǹkan jẹ́, ọba wà, mọ́gàjí wà, ẹbí wà tí yóò tún un ṣe. Ní ìlú tí a wà yìí, ẹgbẹ́ ni ẹbí wa. Ẹni tí àìsàn bá gbé dè lóru, ilẹ̀kùn ọmọ ẹgbẹ́ ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ kàn. Ẹni tí ó bá kú, ẹgbẹ́ ni yóò sọ bí a óò ti sin ín tàbí bí a óò ti gbé e lọ sílé. Ní oṣù kìíní ọdún 2021 tí iná jó ọjà ńlá Sókótó, ẹ rántí bí àwọn ènìyàn ti dúró tí wọ́n ń wo ìsọ̀ wọn tí ó ń di eérú. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ kò ní ẹnì kankan.

Ohun tí ó so wá pọ̀ kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu àti owó tí a ń dá lọ. Bí a kò bá lè fọkàn tán ẹni tí owó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ mọ́. Bí gbọ̀ngàn náà bá ga tó òkè, òfìfo ni yóò jẹ́.

SỌ́Ọ̀LÙ LÁÀÁRÍN ẸRÙ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí Sọ́ọ̀lù, ọba àkọ́kọ́ ní Ísírẹ́lì. Nínú ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí 9, nígbà tí wòlíì Sámúẹ́lì jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun ni gbogbo ènìyàn ń wá, ó dáhùn pé ẹ̀yà Bẹ́ńjámínì tí òun ti wá ni ó kéré jù, ilé bàbá òun kò sì já mọ́ nǹkan nínú ẹ̀yà náà. Ní orí 10, ọjọ́ tí a fẹ́ fi í han àwọn ènìyàn, wọ́n wá a títí, wọn kò rí i. Àárín ẹrù ni ó sá pamọ́ sí. Àwa oníṣòwò mọ ohun tí ń jẹ́ àárín ẹrù. Kì í ṣe ibi tí ẹni tí ó fẹ́ kí ayé rí òun máa ń lọ.

Ọmọ dáadáa ni Sọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí orí 15. Ó ti ṣẹ́gun àwọn ará Ámálékì, ó lọ sí Kámẹ́lì, ó sì gbé ọ̀wọ̀n ìrántí kalẹ̀ fún ara rẹ̀. Sámúẹ́lì wá bá a wí nítorí àìgbọràn rẹ̀, ó sọ fún un pé ìjọba ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sọ́ọ̀lù jẹ́wọ́ pé òun ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó gbẹ̀yìn ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni pé kí Sámúẹ́lì ṣáà bá òun padà, kí ó bu ọlá fún òun lójú àwọn àgbà. Ilé ń jó, ọ̀gbẹ́ni ń wá ẹni tí yóò kí òun ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá.

Ẹ̀yin ará mi, ọkùnrin kan náà ni ó sá sáàárín ẹrù tí ó sì gbé ọ̀wọ̀n kalẹ̀ fún ara rẹ̀. Àga ni ó yí i padà. Bí ènìyàn bá pẹ́ lórí àga, tí àwọn tí ó yí i ká ń pọ́n ọn, yóò gbàgbé pé wọ́n gbé e síbẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ nípa olórí tí a yàn lónìí pé a mọ̀ ọ́n, onírẹ̀lẹ̀ ni. A mọ Sọ́ọ̀lù náà nígbà tí ó wà láàárín ẹrù. Ẹ jẹ́ kí a wá ohun tí yóò pa ìrẹ̀lẹ̀ olórí mọ́ lẹ́yìn tí ó bá jókòó tán.

MÓSÈ GBỌ́ Ọ̀RỌ̀ ÀLEJÒ

Bíbélì jẹ́rìí Mósè nínú ìwé Númérì, orí 12, pé ní ìgbà ayé rẹ̀ kò sí ẹni tí ó tó o ní ìwà tútù. Kì í ṣe pé Mósè jẹ́ ojo. Ó dúró níwájú Fáráò, ó la òkun kọjá. Níbo wá ni a ti rí ìwà tútù rẹ̀? A rí i nínú Ẹ́kísódù, orí 18. Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni ó ń dá ẹjọ́, àwọn ènìyàn sì tò gbọọrọ. Jẹ́tírò, bàbá ìyàwó rẹ̀, wá kí i. Ará Mídíánì ni, kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì. Ó wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀, ó sì sọ fún Mósè pé ohun tí ó ń ṣe yìí kò dára, yóò pa òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lára. Ó ní kí ó wá àwọn tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run, tí wọ́n jẹ́ olóòótọ́, tí wọ́n kórìíra èrè ìwọ̀kúwọ̀, kí ó pín iṣẹ́ náà fún wọn.

Mósè kò bi í pé ta ni ó pè é sí ọ̀rọ̀ yìí. Kò sọ pé Ọlọ́run ń bá òun sọ̀rọ̀ lórí òkè, kí ni ará Mídíánì mọ̀. Ó gbọ́, ó sì ṣe é bí ó ti wí. Nígbà tí Míríámù àti Áárónì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sọ̀rọ̀ òdì sí i, Mósè kò gbèjà ara rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀tẹ̀ sì bo Míríámù, òun náà ni ó ké sí Ọlọ́run pé kí ó wò ó sàn. Olórí tí ó lè gbàdúrà fún ẹni tí ó bú u, ẹ di ẹ̀wù rẹ̀ mú, ẹ má jẹ́ kí ó lọ.

SÁMÚẸ́LÌ NÍ KÍ WỌ́N BI ÒUN LÉÈRÈ

Èyí tí ó wọ̀ mí lára jù ni ti Sámúẹ́lì, nínú Sámúẹ́lì Kìíní, orí 12. Ó ti darúgbó, irun rẹ̀ ti funfun. Láti kékeré ni ó ti ń sin Ọlọ́run níwájú wọn. Ó pe gbogbo Ísírẹ́lì jọ, ó sì ní kí wọ́n jẹ́rìí sí òun níwájú Ọlọ́run àti níwájú ọba tuntun. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé òun gba màlúù ẹnikẹ́ni, tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ẹnikẹ́ni, bí òun bá rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, bí òun bá gba rìbá kí òun lè gbójú fo ẹ̀ṣẹ̀, kí ẹni náà sọ ọ́, òun yóò san án padà. Gbogbo wọn jẹ́rìí pé kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ta ni ó ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀? Kò sí ẹni tí ó pe Sámúẹ́lì lẹ́jọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣí ìwé owó rẹ̀ sílẹ̀, ó sì pè wọ́n wá kà á. Èyí ni mo pè ní ìrẹ̀lẹ̀ olórí. Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀, kì í ṣe kí a máa fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. Mo mọ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja tí wọ́n sì jẹ owó ẹgbẹ́. Olórí onírẹ̀lẹ̀ ni olórí tí a lè bi léèrè, tí kò sì ní bínú.

Ó wá di dandan kí n sọ ti ara mi.

BÍ MO TI ṢUBÚ

Ní ọdún 2005, èmi ni akápò ẹgbẹ́ kékeré kan ti àwa tí a jọ ń tajà. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni a ń dá owó, kí ó lè wà nílẹ̀ fún àìsàn àti òkú. Lọ́dún náà, obì wọ́n. Mo rò ó pé bí mo bá fi owó ẹgbẹ́ kún owó mi, tí mo ra gbànja láti Ṣágámù, kí ó tó di oṣù méjì n óò ti dá a padà, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀. N kò pè é ní olè. Mo pè é ní yíyá. Ọjà dé, kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Èyí tí a rí tà nínú rẹ̀ kò tó owó ọkọ̀.

Ní ìpàdé kan, ìyá kan tí ń dín àkàrà dìde. Opó ni, ó jù mí lọ dáadáa. Ó kúnlẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, ó ní, “Bàbá akápò, ẹ jọ̀ọ́, ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ìwé owó wa. Ẹ bá wa kà á.” Mo bú sí i. Mo ní, “Ìyá, ṣé olè ni ẹ fẹ́ pè mí? Láti ìgbà wo ni alákàrà ti di olùṣírò owó?” Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ìyá náà jókòó, ó sì ká ọwọ́ lérí ẹsẹ̀. Inú mi dùn pé mo borí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ará wa kan, telọ̀, fi kú. Ìyàwó rẹ̀ ní wọn kò gbọdọ̀ sin ín síbí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá rẹ̀ wà. Ẹ mọ ohun tí ó ń náni láti gbé òkú láti Sókótó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ní báńkì ti pa. Òtítọ́ ni, báńkì ti pa, ṣùgbọ́n bí ó tilẹ̀ ṣí, kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ìyá alákàrà yìí lọ sílé, ó sì padà wá. Ó tú etí ìró rẹ̀ níwájú onímọ́tò, ó ka owó fún un, àwọn owó wẹ́wẹ́ tí epo ti ta sí. Ó kù díẹ̀ kí ó pé, àwọn mìíràn dá ìyókù. Kò wo ojú mi. Bí ó bá bú mi ni, ì bá sàn fún mi. Mo dúró bí igi títí ọkọ̀ náà fi lọ.

Ní ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e, mo dìde, mo sì jẹ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà. Wọ́n yọ mí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Oṣù méje ni mo fi san owó náà tán. Wọ́n fi ìyá alákàrà ṣe akápò. Kò mọ̀wé, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ó ń jẹ́ kí a ka ìwé náà sókè, lẹ́ẹ̀mejì, ní Yorùbá, kí ẹni tí kò mọ̀wé bíi tirẹ̀ lè gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé orí ìjókòó tí mo wà yẹn ni mo ti kéré jù ní gbogbo ayé mi.

Mo sì tún fẹ́ kí ẹ rántí àwọn tí ó pàtẹ́wọ́. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ ni a máa ń ba olórí jẹ́. Bí ẹnì kan bá dá wọn dúró ní ọjọ́ náà, bóyá ojú ì bá tì mí nígbà náà.

RÉHÓBÓÁMÙ PÀDÁNÙ Ẹ̀YÀ MẸ́WÀÁ

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè tú ẹgbẹ́ ká, kí ó ka Àwọn Ọba Kìíní, orí 12. Sólómónì kú, Réhóbóámù ọmọ rẹ̀ lọ sí Ṣékémù láti jọba. Àwọn ènìyàn bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dín ẹrù tí bàbá rẹ̀ dì lé wọn lórí kù. Ó gba ọjọ́ mẹ́ta láti ronú. Àwọn àgbà ní kí ó sọ ara rẹ̀ di ìránṣẹ́ wọn lọ́jọ́ kan yìí, wọn yóò sì di tirẹ̀ títí láé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ dàgbà ní kí ó fi agbára hàn. Ó gbọ́ ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ líle dá wọn lóhùn. Lọ́jọ́ náà ni ẹ̀yà mẹ́wàá yà kúrò, wọn kò sì padà mọ́. Ohun tí bàbá bàbá rẹ̀ fi ogun kó jọ, ó fi ẹnu tú u ká. Ẹ̀yin ará, àwa tí a wà ní Sókótó kò tó ẹ̀yà mẹ́wàá. Bí a bá pín sí méjì, kí ni yóò kù?

NEHEMÁYÀ, OLÓRÍ TÍ Ó Ń KỌ́LÉ

Nítorí pé ilé ni a fẹ́ kọ́, Nehemáyà ni ó yẹ kí ó jẹ́ àwòkọ́ṣe wa. Ọjọ́ 52 ni wọ́n fi mọ odi Jerúsálẹ́mù. Ẹ ka orí 3, ẹ óò rí i pé orúkọ àwọn tí ó ṣiṣẹ́ ni wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ: alágbẹ̀dẹ wúrà wà níbẹ̀, olùpo òróró wà níbẹ̀, oníṣòwò wà níbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin Ṣálúmù pẹ̀lú bàbá wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tún ibi tí ó kọjú sí ilé wọn ṣe. Àwọn kan ṣoṣo tí wọ́n fi ẹ̀gàn kọ orúkọ wọn ni àwọn ọlọ́lá ìlú Tékóà, tí wọn kò jẹ́ tẹ orí wọn ba fún iṣẹ́ náà. Títí di òní ni ayé ń kà á.

Nehemáyà fúnra rẹ̀ ń kọ́? Ní orí 5, ó ní fún ọdún 12 tí òun fi jẹ́ gómìnà, òun kò jẹ oúnjẹ tí ó tọ́ sí gómìnà, nítorí pé ẹrù ti wúwo jù lórí àwọn ènìyàn náà. Àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ti gba oúnjẹ, wáìnì àti fàdákà lọ́wọ́ wọn, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wọn tilẹ̀ ń jẹgàba lé àwọn ènìyàn lórí. Òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, 150 ènìyàn ni ó ń jẹun nídìí tábìlì rẹ̀. Ohun tí ó tọ́ sí i nípa òfin, ó fi sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé wa, kí ó kọ́kọ́ ka orí náà kí ó tó ra sìmẹ́ńtì.

ỌMỌ WA ÀJÀYÍ

Ẹnì kan lè sọ pé ìtàn àwọn ará Ísírẹ́lì ni gbogbo èyí, ayé àtijọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ọmọ wa wá. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀, ará Òṣoògùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní ọdún 1821 ni ogun kó o. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Potogí. Ní 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, ó sì kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Wọ́n rì í bọmi ní 1825, ó di Samuel Crowther. Ní 1843 ó di àlùfáà. Ní 1846 ó rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n ti ya ara wọn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, kò fẹ́. Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹfà, ọdún 1864, ní ìlú Canterbury, ọmọ tí a tà lẹ́rú di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà. Ó padà sí odò Ọya, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, ó a máa fetí sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí kò mọ ìwé kankan, kí ó lè rí ọ̀rọ̀ tí ó tọ́. Nígbà tí ó dé ààfin Emir ní Ìlọrin, tí wọ́n ń bi í ní ìbéèrè lórí ẹ̀sìn, ó dáhùn láti inú Ìwé Mímọ́ láì bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Àwa tí a ń gbé láàárín àwọn Mùsùlùmí, tí a sì jẹ́ Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́ẹ̀nì nínú ẹgbẹ́ kan, ẹ jẹ́ kí a mú èyí lò.

Ṣùgbọ́n ìrẹ̀lẹ̀ kì í ṣe ojo. Ní ọdún 1890, nígbà tí ó ti lé ní 80 ọdún, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan tí wọ́n jẹ́ míṣọ́nnárì dé, wọ́n ń lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ níwájú rẹ̀ nínú ìpàdé ní Oníṣà. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ náà ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń dá ẹjọ́ láì gbọ́ ẹjọ́, wọ́n sì ṣe arúgbó náà bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ó sọ èrò ọkàn rẹ̀ gedegbe, ó sì fi ìjókòó rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Kò kó ènìyàn jọ láti jà, kò sì dákẹ́ nítorí ipò. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, ọdún 1891. Lónìí, ta ni ó mọ orúkọ àwọn tí ó fojú tín-ín-rín rẹ̀? Orúkọ Àjàyí ni a ń dá.

Àwọn onílẹ̀ wa náà ní tiwọn. Shehu Usman ɗan Fodio tí ó dá ìjọba yìí sílẹ̀ láti ọdún 1804, nígbà tí ó di 1812, ó pín àkóso fún Abdullahi àbúrò rẹ̀ àti Muhammad Bello ọmọ rẹ̀, òun sì padà sídìí ìwé àti ìkọ́ni títí ó fi kú ní 1817. Ó ti ní agbára lọ́wọ́, ó sì fi í sílẹ̀. Ó yẹ kí àwa tí a ń jà nítorí ipò igbákejì akọ̀wé kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀.

JÉSÙ PẸ̀LÚ ABỌ́ OMI

Nínú Lúùkù, orí 22, ní alẹ́ tí ó kẹ́yìn, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù ń jiyàn lórí ẹni tí ó ga jù láàárín wọn. Jòhánù, orí 13, sọ fún wa ohun tí Jésù ṣe ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Ó bọ́ aṣọ òkè rẹ̀, ó sán aṣọ ìnura mọ́ ìdí, ó bu omi, ó sì ń wẹ ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa tí a ń gbé nínú iyanrìn Sókótó mọ bí ẹsẹ̀ ti ń rí nígbà ọyẹ́. Ó sán, ó dọ̀tí. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Olúwa fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀. Ó wẹ ti Júdásì pẹ̀lú, tí ó mọ̀ pé yóò fi òun hàn. Lẹ́yìn náà ni ó padà wọ aṣọ rẹ̀, ó jókòó sí àyè rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí ara wọn. Ẹ wò ó, kò sọ pé òun kì í ṣe olórí mọ́. Olórí ni, ó sì wẹ ẹsẹ̀.

ẸBẸ̀ MI

Ẹ̀yin tí a óò búra fún lónìí, ẹ̀bẹ̀ mẹ́rin ni mo ní. Èkíní, ẹ máa ka ìwé owó gbọ̀ngàn yìí sókè ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ní Yorùbá, kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè. Èkejì, bí ọmọdé tàbí alákàrà bá dìde bi yín léèrè, ẹ dá a lóhùn bí ẹ óò ti dá olówó lóhùn. Ẹ̀kẹta, ẹ má jẹ́ kí a kọ orúkọ olórí kankan sára ilé náà nígbà tí ó bá wà lórí oyè; ẹ rántí ọ̀wọ̀n Sọ́ọ̀lù ní Kámẹ́lì. Ẹ̀kẹrin, ọjọ́ tí àsìkò yín bá pé, ẹ dìde. Ẹni tí ó bá fi ọ̀wọ̀ kúrò lórí àga, a óò máa fi ọ̀wọ̀ pè é padà wá jókòó.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ nígbà tí olórí bá ń bú ẹni tí ó bi í léèrè.

Ìyá alákàrà ti padà sílé ní ìsinmi, Ọlọ́run sì fún un ní ọjọ́ ogbó kí ó tó lọ. Nínú owó tí èmi àti ìyàwó mi mú wá síbi tábìlì yìí lónìí, a dá apá kan sọ́tọ̀ lórúkọ rẹ̀. N kò ní kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri. Kí ẹ ṣáà máa ka ìwé owó náà lẹ́ẹ̀mejì bí ó ti ń ṣe.

Kí Ọlọ́run fún wa ní olórí tí ó bẹ̀rù rẹ̀. Kí ó má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa tú ilé tí a fẹ́ kọ́. Kí ó pa wá mọ́ ní ìlú yìí, kí ó pa àwọn onílẹ̀ wa mọ́, kí ó sì mú wa dé ilé láyọ̀ nígbà tí àkókò bá tó. Àmín, àṣẹ.